Bí ẹ ṣe lè lọ sí etíkun Kappad láìpadà lọ́wọ́ òfo

Kappad jẹ́ etíkun kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kerala, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé Vasco da Gama, atukọ̀ òkun ará Potogí, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti gúnlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1498, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà dé ibi tí ata dúdú oníhóró ti ń wá. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń débẹ̀, wọ́n á rí iyanrìn, wọ́n á rí àpáta, wọ́n á ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó òkúta kan tí kò ga, wọ́n á sì máa wo ara wọn lójú pé ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí.

Wọn ò jẹ̀bi. Ata kankan kò sí ní Kappad. Ìlú Kozhikode, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 16 sí gúúsù rẹ̀, ni wọ́n ti ń tà á, tí wọ́n ti ń dì í sápò, tí wọ́n ti ń kó o sọ́kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tó bá wá gbọ́dọ̀ so méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó sì tò ó bó ṣe yẹ: etíkun láàárọ̀ kùtù, ọjà kí oòrùn tó kanrí, àdúgbò àwọn oníṣòwò lọ́sàn-án, èbúté àtijọ́ nírọ̀lẹ́. Bí mo ṣe to ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Pásípọ́ọ̀tù tó ṣì ku oṣù 6 ó kéré tán kó tó parí, tí ojú ewé 2 sì ṣófo nínú rẹ̀.
- Físà Íńdíà, tí ẹ ti gbà kí ẹ tó wọ bàálù.
- Káàdì yẹ́lò, ìyẹn ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú.
- Owó rúpì ní ṣẹ́ńjì kéékèèké. Oníkẹ̀kẹ́ márúwá kì í fẹ́ rí owó ńlá láàárọ̀.
- Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, ìborùn fún obìnrin, àti bàtà tí kò ní okùn, nítorí ẹ máa bọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.
- Ife kékeré tó mọ́ gaara, omi ìgò, àti ike ọlọ́mọrí tàbí ọ̀rá tó ṣeé pa lẹ́nu. Iṣẹ́ wọn ń bọ̀ ní ìgbésẹ̀ karùn-ún.
- Fóònù tí ẹ ti wa máàpù Kozhikode sórí rẹ̀, kó lè ṣiṣẹ́ bí dátà bá tán.

1. Ẹ mú oṣù àti ọjọ́ tó dára

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, òjò ńlá máa ń ti ojú òkun wá sí Kerala. Òkun á máa ru, kò sì ní sí ibi téèyàn lè dúró sí létí omi kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá náà ní òjò tiwọn, tó máa ń bá àrá wá lọ́sàn-án. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni kí ẹ mú. Ilẹ̀ á ti gbẹ, òkun á ti rọlẹ̀, ó sì bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń já ata lóko, tí ata tuntun ń wọ ọjà.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Àwọn kan máa ń mú 20 oṣù karùn-ún, torí pé ọjọ́ yẹn ni ìwé ìtàn dá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru máa ń mú gan-an lóṣù karùn-ún, ojú ọjọ́ á sì ti fẹ́ yí padà. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ló mú ọkọ̀ Vasco da Gama kúrò níbi tó kọ́kọ́ dúró sí, tí wọ́n mú un lọ sí Pantalayani lápá àríwá, nítorí ibẹ̀ ló ní ààbò lásìkò yẹn.

Ní ti ọjọ́, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ló dára jù, Sátidé sì tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù olówò ńlá á tì, Jímọ̀ sì máa ń gba ọ̀sán gbogbo. Nǹkan mìíràn tí àlejò kì í mọ̀ ni *hartal*, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan kéde pé kí gbogbo ìlú tì pa. Kerala mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bọ́ọ̀sì á dúró, ọjà á tì, kò sì sóhun tí ẹ lè ṣe sí i.

*Àyẹ̀wò:* Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì bóyá hartal wà lọ́la. Bí wọ́n bá ní kò sí, ọjọ́ yín dúró.

2. Físà àti káàdì yẹ́lò

Ojúlé ìjọba Íńdíà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń parí pẹ̀lú .gov.in. Àwọn ojúlé mìíràn pọ̀ tó jọ ọ́, tí wọ́n á gba owó ìlọ́po lọ́wọ́ yín láti ṣe ohun kan náà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo àkójọ orúkọ orílẹ̀-èdè tó lè gba físà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí pásípọ́ọ̀tù yín kò bá sí níbẹ̀, ilé iṣẹ́ aṣojú Íńdíà ni ẹ máa gbà. Nínú ẹbí kan náà, ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó àti ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà lè má gba ọ̀nà kan náà, nítorí náà kí kálukú yẹ tirẹ̀ wò.

*Ìkìlọ̀:* Íńdíà kì í fi ọ̀rọ̀ ibà pọ́njú ṣeré. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Bùràsíìlì wọlé láìní káàdì yẹ́lò, wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ tó ọjọ́ 6. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára yín kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, ẹ fetí sílẹ̀: bí ẹ bá kọ́kọ́ yà sílé ní Ìbàdàn, tí ẹ sì wọ bàálù lọ sí Íńdíà kí ọjọ́ 6 tó pé, òfin yìí kàn yín, pásípọ́ọ̀tù yòówù kó wà lọ́wọ́ yín.

*Àyẹ̀wò:* Orúkọ tó wà lórí físà, pásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.

3. Tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ má bọ́ sí ìlú mìíràn

Orúkọ àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fún Kozhikode ni Calicut. Orúkọ àtijọ́ Kolkata, tó wà ní òdìkejì orílẹ̀-èdè náà pátápátá, ni Calcutta. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, kò ṣòro rárá fún un láti gbọ́ èyí bí ìyẹn. Kóòdù ni kí ẹ wò. CCJ ni ti Kozhikode, CCU ni ti Kolkata.

Àṣìṣe kejì ni ti Kochi, ìlú mìíràn ní Kerala. Ibẹ̀ ni Vasco da Gama kú sí lọ́dún 1524, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn máa ń rò pé ibẹ̀ náà ni etíkun tó ti gúnlẹ̀ wà. Rárá o. Ó ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀ láàárín wọn. Ẹ lè gba Kochi wọlé bí owó tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá kéré jù, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè, àmọ́ ẹ fi ọjọ́ kan kún un.

Pápákọ̀ òfurufú Kozhikode wà ní Karipur, nǹkan bíi kìlómítà 28 sí àárín ìlú. Ọkọ̀ láti Dubai, Doha àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Lárúbáwá ń bà síbẹ̀, ọ̀nà yìí ló sì rọrùn jù fún ẹni tó ń ti Èkó bọ̀. Ẹ wọ takisí tí wọ́n ń san owó rẹ̀ nínú pápákọ̀, kí ẹ sì wá ibi sùn nítòsí etíkun Kozhikode tàbí Mananchira láàárín ìlú, kí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọjà.

4. Kappad láàárọ̀ kùtù

Ẹ jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì kí agogo mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Láti ibùdókọ̀ Mavoor Road, ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Koyilandy tàbí Vadakara, kí ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́kítọ̀ pé Thiruvangoor ni ẹ máa bọ́ sí. Láti ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ márúwá á gbé yín dé Kappad ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà bọ́ọ̀sì lè gba kẹ̀kẹ́ láti ìlú tààrà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Kozhikode lórúkọ rere káàkiri Íńdíà fún òtítọ́, inú ìlú sì ni wọ́n ti ń lo mítà. Bí ẹ bá ti ń jáde nílùú, ẹ dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ẹ kọ́kọ́ wá òpó òkúta náà. Kò tóbi, kò sì ga, ẹni tó ń retí ère ńlá á kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju pé ibí yìí, Kappakadavu, ni Vasco da Gama gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1498.

Òkúta yẹn ò sọ bí wọ́n ṣe gbà á lálejò. Ẹ̀bùn tó kó jọ fún ọba Kozhikode, tí wọ́n ń pè ní Samoothiri, ni fìlà 6, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn okùn 4, abọ́ ìfọwọ́ 6, aṣọ díẹ̀, ṣúgà, òróró àti oyin. Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní oníṣòwò tó tòṣì jù láti Mẹ́kà ń mú ju báyìí lọ wá. Ó sì yẹ kí àwa tí a ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wá mọ èyí tó kàn wá níbẹ̀: ní nǹkan bí ọdún 1486 àwọn Potogí ti ń ra iyèré nílẹ̀ Bìní, wọ́n sì ń gbé e lọ sí Yúróòpù. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ ata Íńdíà, ọba wọn fòfin de iyèré wa kó má bàa bá a dù ọjà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ létíkun yìí dé ọ̀dọ̀ wa nílé.

Lẹ́yìn òkúta, ẹ rìn lọ síbi àpáta tó yọ sínú òkun. Tẹ́ńpìlì kan wà lórí òkè kékeré níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì ní Kerala kì í gba ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù wọlé, nítorí náà ẹ dúró síta àyàfi bí wọ́n bá pè yín. Ẹ kọjú sí omi. Kò sí ìyàwọ́ omi, kò sí erékùṣù, kò sóhun tó lè dá ìjì dúró. Ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ ilẹ̀ níbi báyìí, ọ̀ọ́kán ni wọ́n á dúró sí, kí ọkọ̀ kéékèèké tó wá máa kó ẹrù àti èèyàn wọlé. Àwọn apẹja tó ń fa ọkọ̀ wọn sórí iyanrìn láàárọ̀ yẹn á jẹ́ kí ẹ rí bí iṣẹ́ náà ti rí.

Apá kan etíkun náà ni wọ́n tún ṣe, tó sì gba Blue Flag, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún etíkun tó mọ́, lọ́dún 2020. Ibẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìpààrọ̀ aṣọ wà, wọ́n sì ń gba owó ìwọlé díẹ̀.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má wẹ̀ níbi tí kò sí ẹ̀ṣọ́. Ìṣàn abẹ́ omi lè fa òmùwẹ̀ lọ. Bákan náà, ẹ má mú èso tó bọ́ sílẹ̀ jẹ, pàápàá èyí tí àdán ti jẹ ẹnu sí. Àrùn Nipah, tí àdán ń gbé kiri, ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kozhikode lọ́dún 2018, 2021 àti 2023.

*Àyẹ̀wò:* Bí ẹ bá lè nawọ́ sí ibi tí ọkọ̀ mẹ́ta tí Vasco da Gama kó wá ti ní láti dúró, tí ẹ sì lè sọ ìdí tí wọn ò fi lè sún mọ́ ilẹ̀, ẹ ti rí Kappad. Kí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, ẹ ti máa padà sílùú.

5. Valiyangadi: ibi tí ata wà

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Valiyangadi ni ọjà olówò ńlá Kozhikode, kò jìnnà sí òkun. Títì rẹ̀ há, ilé oníṣòwò tò sọ́tùn-ún sósì, àpò ìrẹsì, ata dúdú, atalẹ̀ gbígbẹ àti ajó sì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Bí wọ́n bá ju àpò atalẹ̀ sílẹ̀, eruku rẹ̀ á ta wọ imú yín, ẹ máa sín, ojú yín á sì ṣomi. Kò ṣeni ní nǹkan.

a) Ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn alábàárù ló ni àárín títì. Ẹni tó ru àpò sórí ò lè yà fún yín, ẹ̀yin ni ẹ máa yà fún un. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

b) Ẹ kí èèyàn kí ẹ tó béèrè nǹkan. *Chetta* ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá jùni lọ, *chechi* ni ti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Àlejò tó bá mọ èyí, wọ́n máa ń fún un níjòókòó.

d) Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ọjà kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. *Kurumulaku* ni ata dúdú oníhóró, ìbátan iyèré tiwa. *Chukku* ni atalẹ̀ gbígbẹ, *elakka* sì ni hóró olóòórùn dídùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi sínú tíì.

*Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Wọ́n á dúró níwájú ẹni tó ń ta àpò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó wọn ìdajì kílò fún àwọn. Kì í tà bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ wò, kó sì júwe ṣọ́ọ̀bù tó ń tà ní wẹ́wẹ́ nítòsí. Ìbẹ̀ẹ̀bẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń gbà jù.

Ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́wẹ́, ẹ yẹ ata wò báyìí. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan, ẹ mì í: ata tó gbẹ dáadáa máa ń dún ṣákaṣàka. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Bí dúdú bá yí yín lọ́wọ́, tàbí tó ń rùn bí epo mọ́tò, wọ́n ti fi nǹkan pa á lára kó lè máa dán, ẹ dá a padà. Ẹ wá da omi sínú ife, ẹ ju bíi ogún hóró sí i. Ata tó gbó máa ń rì. Èyí tó bá léfòó lè jẹ́ hóró òfìfo, ó sì lè jẹ́ kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ, nítorí kóró ìbẹ́pẹ ni àwọn oníjìbìtì máa ń pò mọ́ ọn. Ẹ fọ́ èyí tó léfòó, ẹ gbóòórùn rẹ̀: kóró ìbẹ́pẹ kì í ní òórùn ata. Paríparí rẹ̀, ẹ fi eyín gé hóró kan sí méjì. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun, kó le, kí títa rẹ̀ sì pẹ́ lórí ahọ́n.

Elakka tó dára máa ń ní àwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ á sé pinpin, kóró inú rẹ̀ á dúdú, á sì máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ajó, ẹ ra odindi. Lúbúlúbú rẹ̀ ni wọ́n máa ń po àwọ̀ burúkú mọ́, àwọn àwọ̀ náà sì lè ní òjé nínú.

*Àyẹ̀wò:* Nínú ogún hóró, bí ó bá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ tó léfòó, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá rì, ẹ rà á níbẹ̀, kí ẹ dì í sínú ike tiyín lójú ara yín.

6. Kuttichira lọ́sàn-án

Ẹ kọ́kọ́ jẹun. Bìríyánì Kozhikode, ìrẹsì wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta sánsán, ni ẹ ò gbọdọ̀ ṣaláìjẹ.

Kuttichira, àdúgbò àwọn oníṣòwò, kò jìnnà sí ọjà. Adágún omi kan wà láàárín rẹ̀, àwọn mọ́ṣáláṣí àtijọ́ sì yí i ká. Ẹ wo Mishkal. Oníṣòwò ará Yemen kan, tó jẹ́ olówó ọkọ̀ òkun, ló kọ́ ọ ní bí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Kò ní ilé gogoro bí mọ́ṣáláṣí Ìlọrin tàbí ti Ìbàdàn. Pákó ló pọ̀ lára rẹ̀, òrùlé rẹ̀ gun ara wọn lórí bí ilé Kerala yòókù. Lọ́dún 1510, àwọn Potogí sọ iná sí i. Kí wọ́n tó dé, owó ata ni àwọn Lárúbáwá àti ará Kozhikode jọ ń pín níbí, ọba ẹlẹ́sìn Híńdù sì ń fún Mùsùlùmí ní ilẹ̀ láti kírun. Ó dùn mí bí ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń kọjá níbí láìyà.

*Ìkìlọ̀:* Ibi ìjọsìn ni, kì í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ má wọlé láìgbàṣẹ, ẹ má sì ya fọ́tò ẹni tó ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí lè bá wọn kí Ásárì.

7. Etíkun Kozhikode nírọ̀lẹ́

Tí agogo márùn-ún bá ti lù, ẹ bọ́ sí etíkun ìlú. Àwọn òpó irin tó ti dípẹtà nínú omi ni ohun tó kù nínú afárá tí wọ́n ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀ láyé ìjọba òyìnbó. Ẹ má gùn ún o, ó ti jẹ tán. Àwọn tó ń ta *uppilittathu* máa ń to ìgò ńláńlá sórí kẹ̀kẹ́ wọn: máńgòrò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àwọn èso kíkan mìíràn tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ata sí i. Ẹ fi tíì *sulaimani*, tí kò ní mílíìkì, tó ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti elakka, tẹ̀ lé e. Oòrùn máa ń wọ̀ ní bí agogo mẹ́fà sí mẹ́fà ààbọ̀.

8. Kí ata yín tó délé

Ẹ fi rìsíìtì sínú ike pẹ̀lú ata, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀. Odindi hóró tó gbẹ ló rọrùn jù láti gbé kọjá. Irúgbìn tútù, ewé tútù àti ọmọ igi ata, ẹ má gbé wọn rárá. Bí Amẹ́ríkà ni ẹ ń padà sí, ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù pé ẹ gbé nǹkan oko, kódà bí kò ju ìkúnwọ́ kan lọ. Owó ìtanràn ẹni tó bá dákẹ́ máa ń ga. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà náà, ẹ má gbé àpò ńlá láìní ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn láti Íńdíà.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nílé, ẹ ṣí ike náà. Bí òógùn bá wà lábẹ́ ọmọrí, ata náà kò gbẹ tán: ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ nu ike náà gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Bí kò bá sí, ẹ lọ èyí tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù wà ní odindi.